Fọ́tò Àyà Tó Mọ́: Ọ̀ràn Atẹ̀wé Kan ní Ṣómólú

Ọkùnrin ẹni ọdún 43 ni. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní Ṣómólú, ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí èèyàn ti máa ń gbọ́ ariwo mọṣíìnì kó tó rí ṣọ́ọ̀bù. Bárígà ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta. Ìbejì ni àwọn àbígbẹ̀yìn. Bàbá Ìbejì ni n ó máa pè é, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ má baà dá a mọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé-ìwòsàn ìjọba kan ní apá Mainland, ní ẹ̀ka tí a ti ń tọ́jú àwọn tó ní HIV, kòkòrò apa-sójà-ara. Mo yan ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nítorí pé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tó yẹ gan-an ló tó wá dà bí ẹni tó fẹ́ kú. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń da oògùn nù.

Bó ṣe dé

Alájà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ ní Oyíngbò, ló fà á wá. Ó ti rù débi pé ó fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ń dá, ó ń padà. Nǹkan funfun bo ahọ́n rẹ̀. Tó bá fi ṣíbí ha á láàárọ̀, yóò ti bò ó padà kó tó di alẹ́. Ó ń húkọ́, àmọ́ ikọ́ gbígbẹ tí kò lágbára ni, òórùn íńkì àti eruku bébà ló sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kò sí ibà tó ṣe gúnmọ́. Ó ní òun máa ń làágùn lóru, àmọ́ ta ni kì í làágùn lóru ní Bárígà nígbà tí kò bá síná?

Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní HIV. Iye CD4 rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí bí ara ṣe ń bá àrùn jà, jẹ́ 38. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín tí a fi ń ka èyí, ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń ní nǹkan bí 500 sí 1,500. Tí kò bá tó 200 mọ́, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ka ẹni náà mọ́ àwọn tí àrùn ti wọ̀ lára gan-an. 

Dókítà ní kó lọ ya fọ́tò àyà. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Kò sí ihò, kò sí àbàwọ́n funfun kan tí èèyàn lè nàka sí. Alájà ṣe "Alhamdulillahi." A ní kó gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, itọ́ lásán ló tu sínú ike. Dókítà kò tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀: ó ní kí wọ́n fi ìtọ̀ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò LAM, èyí tó ń wá èèpo ara kòkòrò ikọ́ ife nínú ìtọ̀. Kò tó wákàtí kan tí ìlà méjì fi jáde. Ikọ́ ife ti tàn káàkiri ara rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ mú wá. Ẹ̀rọ GeneXpert rí kòkòrò náà, ó sì fi hàn pé rifampicin, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ife, ṣì lè pa á. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Cryptococcus, èyí tó máa ń wọ ọpọlọ àwọn tí CD4 wọn ti lọ sílẹ̀ báyìí. Kò sí níbẹ̀.

Alájà bi mí bí ikọ́ ife ṣe lè wà lára èèyàn tí àyà rẹ̀ á sì mọ́ báyẹn. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá rí ìdáhùn rẹ̀ ti mọ ohun tí HIV ń ṣe lára ju ẹni tó kàn ń ka iye CD4 lọ.

Iṣẹ́ tí kò dé

Kì í ṣe kòkòrò ikọ́ ife fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìjà tí ara ń bá a jà ló ń gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibà, kókó tó ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki: iṣẹ́ ara ni gbogbo wọn. Ara tí kò lè jà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ihò nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í sábà rí kòkòrò tó pọ̀ tó tu jáde nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àmọ́ kòkòrò náà ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, sí kíndìnrín, sí àwọn kókó inú ikùn. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi tú àṣírí ohun tí fọ́tò àyà bò mọ́lẹ̀.

Báwo ni ìjà yẹn ṣe yẹ kó bẹ̀rẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní mákírófeèjì. Òun ló ń gbé kòkòrò mì. Àmọ́ kòkòrò ikọ́ ife le. Ó lè wà láàyè nínú ẹni tó gbé e mì. Mákírófeèjì á wá mú ègé lára kòkòrò náà, á gbé e síta ara rẹ̀, á máa dúró de sẹ́ẹ̀lì CD4 tó bá dá ègé yẹn mọ̀. Bí wọ́n bá pàdé, àwọn méjèèjì á fara kan ara, CD4, èròjà ojú sẹ́ẹ̀lì náà tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, á sì di ẹnìkejì mú. Ìrù CD4 yìí wà nínú sẹ́ẹ̀lì, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Lck ló sì so mọ́ ọn. Lck á jí ZAP-70, èyí á jí àwọn mìíràn, kálísíọ́ọ̀mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ náà á sì dé ọkàn sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà. Ìgbà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì CD4 á bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ó máa ń tú interleukin-2 jáde kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa pọ̀ sí i. Ó tún máa ń tú interferon-gamma sí mákírófeèjì, iṣẹ́ tí ìyẹn sì ń jẹ́ fún un kò ju pé kó pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí iṣẹ́ yẹn kò bá dé, mákírófeèjì á kàn gbé kòkòrò dání bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ibi tí HIV gbà wọlé. Èròjà ara rẹ̀ tó ń jẹ́ gp120 máa ń di CD4 mú, ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń gba iṣẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló máa ń di CCR5 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, kó tó ráyè wọlé. Tó bá ti wọlé tán, ó ní èròjà kékeré kan, Nef. Nef máa ń fa CD4 kúrò lójú sẹ́ẹ̀lì lọ síbi tí wọ́n á ti bà á jẹ́. Ó tún máa ń kó Lck kúrò níbi tó yẹ kó dúró sí, á kó o pamọ́ sínú lọ́hùn-ún. Vpu, èròjà rẹ̀ mìíràn, ń bá a ba CD4 tuntun jẹ́ kó tó jáde síta rárá. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì sọ̀rọ̀ ikú. Sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè, síbẹ̀ a rán an níṣẹ́, kò gbọ́.

Nef kò dúró níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá bá wà nínú rẹ̀ máa ń fi HLA, èròjà kan tó wà lójú rẹ̀, gbé ègé ọ̀tá náà síta, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì CD8, àwọn apànìyàn inú ara wa, lè wá pa á. Nef máa ń kó HLA-A àti HLA-B wọlé, kí CD8 má baà rí nǹkan kan. Àmọ́ oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní NK. Tirẹ̀ ni pé ó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò bá gbé HLA síta rárá. Nítorí náà, Nef kì í fọwọ́ kan HLA-C àti HLA-E. Ohun tí kò lọ́pọlọ, tí kò tilẹ̀ lè bí ara rẹ̀ láìlo ilé ẹlòmíì, ló ń dá ọgbọ́n yìí. Ó máa ń bí mi nínú nígbàkigbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ikú náà wà ńbẹ̀ ṣá, ó sì pọ̀. Èyí tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé, nínú àwọn kókó ara, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì CD4 tó ń kú kì í ṣe èyí tó ń bí HIV tuntun. HIV wọ inú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ dúró lágbede méjì, sẹ́ẹ̀lì náà sì fura pé DNA àjèjì wà nílé. Ó bú gbàmù, ohun tó tú jáde á wá pe àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wá sí ibi ikú náà. Nínú ìfun, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì CD4 ibẹ̀ ti lọ, kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Ògiri ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ègé bakitéríà á máa bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á wá wà nínú ìfòyà láti ọdún dé ọdún, títí tó fi máa rẹ àwọn CD8, tí wọ́n á gbé àmì àárẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PD-1 sára. Nítorí náà, irọ́ ni pé gbogbo ara dákẹ́. Ariwo pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó nítumọ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 tó dá ikọ́ ife mọ̀ wà lára àwọn tó ń tètè kú. Ewu ikọ́ ife máa ń ga láti ọdún àkọ́kọ́ tí HIV bá wọ ara, kí iye CD4 tó wálẹ̀ rárá. Tí àdúgbò bá sì rí bí Bárígà ṣe rí, tí ìdílé mẹ́fà ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kòkòrò ikọ́ ife kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Pléètì

Oògùn ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ fún un: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú hóró kan. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi oògùn HIV kún un, hóró kan tó ní tenofovir, lamivudine àti dolutegravir nínú. Wọ́n tún fún un ní dolutegravir 50 mílígíráàmù tí yóò dá lò lálẹ́, nítorí rifampicin máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé dolutegravir jáde. Hóró kan lójúmọ́ kò ní tó.

Mo ń ṣàlàyé fún un bí HIV ṣe ń sọ ìtọ́ni rẹ̀ di DNA, tó wá ń gé DNA tiwa, tó ń rán tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó dá mi dúró.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹni náà kò gbé mọṣíìnì wá. Pléètì nìkan ló gbé wá. Ó wá ń fi íńkì mi, bébà mi àti mọṣíìnì mi tẹ ìwé tirẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. (Pléètì ni irin pẹlẹbẹ tó gbé ohun tí mọṣíìnì máa tẹ̀.) Tenofovir àti lamivudine kò jẹ́ kó rí pléètì ṣe. Dolutegravir kò jẹ́ kó rí i dè mọ́ mọṣíìnì. 

"Èyí tó ti dè mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Èyí tó ti dè mọ́ ọn kò ní kúrò. Àwọn kan lára sẹ́ẹ̀lì náà lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú pléètì nínú wọn. Ọjọ́ tí oògùn bá dáwọ́ dúró, ọ̀kan á jí, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Inú wa dùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì. Ahọ́n rẹ̀ mọ́, ó ń jẹ ẹ̀bà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta lórí oògùn HIV, ara rẹ̀ gbóná dé 39.2. Kókó yọ lọ́rùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, èyí tó wà lósì tó ẹyin adìyẹ, ó ń ta á. Ikọ́ tó jẹ́ wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń mì í látòkè délẹ̀. Ilé-ìwòsàn aládàáni kan nítòsí ilé wọn ní kó dá gbogbo oògùn dúró, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó dá a dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pariwo lé e lórí, ó tún gbé e mì láàárọ̀. Mo yin ìyàwó náà, n kò sì tíì ṣíwọ́.

Alájà gbé e wá, kò sì jókòó. 

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ ń pa á fún mi! Nígbà tí kò lo oògùn, ó ń rìn. Ṣé ẹ rí ọrùn rẹ̀? Irú èyí náà kọ́ ló pa Fẹlá?"

Èèyàn tó bá wà l'Ékòó ní ọdún 1997 kò lè gbàgbé. Fẹlá kú lóṣù Ògọ́sítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ṣe mínísítà ìlera, sì bọ́ síta ó sọ pé éèdì ni. Ìgbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ọdún kan tí wọ́n rí i nílẹ̀ òkèèrè pé tí a bá pa oògùn mẹ́ta pọ̀, HIV á rọlẹ̀. Kò tíì dé ọwọ́ tálákà níbí. Ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, ọdún 2006 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Mo sọ èyí fún Alájà. Kò tù ú nínú.

Wọ́n ya fọ́tò àyà tuntun. Èyí kò mọ́ rárá: kókó ńlá láàárín, omi ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún.

Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó lè sọ ohun tó ń ṣe é. Èèyàn ní láti kọ́kọ́ mú àwọn yòókù kúrò. Ṣé oògùn ikọ́ ife kò ràn án ni? GeneXpert ti ní rifampicin ń ràn án. Ṣé kò lo oògùn ni? A ka hóró tó ṣẹ́ kù, ó pé, àfi ti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí ibà ẹ̀fọn, Cryptococcus kò sí níbẹ̀ síbẹ̀, wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò mìíràn kò hù. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni èsì tó tú ọ̀rọ̀ náà dé. Iye HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já láti 412,000 sí 900. CD4 rẹ̀ ti gun láti 38 dé 121. 

Ìyẹn ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ ń padà máa ń jẹ́ àwọn àgbà tó ti há sínú kókó ara, àwọn tó ti mọ ọ̀tá rí. Wọ́n jáde, wọ́n sì bá òkú àti ààyè kòkòrò ikọ́ ife níbi gbogbo, èyí tó ti kó jọ láti oṣù tí ẹnikẹ́ni kò ti dá a lóhùn. Iṣẹ́ wá ń dé. Interferon-gamma, TNF àti interleukin-6, àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo mákírófeèjì tó ti ń gbé kòkòrò dání jí, ibà dé, kókó wú. IRIS ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn tí CD4 wọn kò tó 100, tí ikọ́ ife ti tàn káàkiri ara wọn, ló máa ń bá jù, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV.

N kò sọ̀rọ̀ Lck fún Alájà. Mo gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní, "Alájà, èyí tó mọ́ yìí, àìsàn wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ni kò mọ̀. Èyí tí kò mọ́ yìí, ara rẹ̀ ti mọ̀." 

Ó wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ ń sọ pé ohun tó ń ṣe é yìí dára ni?"

"Rárá o, Alájà. Ìjà náà le ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè pa á tí a bá fi í sílẹ̀. A máa rọ̀ ọ́. Àmọ́ a ò ní dá oògùn dúró."

Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kíyè sí gbólóhùn kejì yẹn. Àwọn kan ti gbọ́ nípa IRIS, wọ́n wá ń sọ fún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá burú sí i pé àmì ìwòsàn ni. Tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, ó lè pa èèyàn. Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kọ oògùn náà máa ń burú sí i ní irú àkókò yìí. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gbogbo ìyókù tì.

Bí wọ́n ṣe rọ̀ ọ́

Prednisolone ni. Kílò 48 ló wọ̀n, wọ́n sì fún un ní nǹkan bí 1.5 mílígíráàmù fún kílò kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ìdajì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì wo gbogbo awọ ara rẹ̀ àti àjà ẹnu rẹ̀ fún Kaposi, jẹjẹrẹ tó máa ń tàn kíá tí èèyàn bá fún ẹni tó ní i ní oògùn yìí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa kókó ọrùn òsì, ọyún jáde, ìrora sì dínkù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibà lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dín prednisolone kù sí ìdajì, ó tún gbóná díẹ̀, kókó ọ̀tún sì tún wú. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Rifampicin máa ń lé prednisolone náà jáde bó ṣe ń lé dolutegravir. Dókítà gbé e padà sókè díẹ̀, ó wá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, oògùn ikọ́ ife àti ti HIV kò fò ní ọjọ́ kankan.

Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tí CD4 rẹ̀ kò bá tó 100 lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tó bá gba oògùn ni a ti ń sọ fún òun àti ẹni tó bá bá a wá pé ara lè gbóná, kókó lè yọ, kí wọ́n sáré wá kí wọ́n tó fetí sí ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí gbogbo ilé-ìwòsàn tó ń fúnni ní oògùn yìí máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ kò sọ ọ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé aláìsàn á sá. Èmi rí i pé ẹni tí wọn ò kìlọ̀ fún ló ń sá.

Ó parí oògùn ikọ́ ife lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. HIV kò hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, CD4 rẹ̀ jẹ́ 212. Ó lè má dé 500 láéláé; ẹni tó bá ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ kì í sábà dé ibi tó ti ń bọ̀, ìfun rẹ̀ pàápàá. Ìyàwó rẹ̀ kò ní HIV, àwọn ọmọ kò ní. Wọ́n fún gbogbo wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ikọ́ ife mú wọn. Àpá kan wà lọ́rùn rẹ̀ lósì, ó sì ti ń sọ fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé eéwo ni. Òfin ọdún 2014 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e níṣẹ́ nítorí HIV, àmọ́ òun ni yóò pinnu ẹni tó máa sọ fún. Alájà ló ń gba oògùn fún un nígbà tí iṣẹ́ bá wọlé lọ́pọ̀, ó sì máa ń ka hóró rẹ̀ níwájú mi kó tó fi sínú báàgì.